Ẹkún Ìyàwó Tí Kò Dúró De Ọkọ

Ohùn obìnrin ni ohùn àkọ́kọ́ tí ìtàn ìlú wa, Òṣogbo, rántí. Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí létí odò Ọ̀ṣun, wọ́n ń gé igi, igi kan wó lu omi, ni ohùn bá jáde láti ìsàlẹ̀ odò pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Ẹ wò ó dáadáa: obìnrin náà kò kọrin, kò súre, kò sì ṣépè. Ẹjọ́ ló ń rò. Aláró ni, irinṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bà jẹ́, ó sì fẹ́ kí ẹni tó bà á jẹ́ mọ̀. A máa ń fi ìtàn yìí ṣe fáàrí fún àlejò nígbà ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lórí i pé ẹ̀sùn lọ̀rọ̀ tí òrìṣà wa kọ́kọ́ bá wa sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń jẹ́ kí n ronú irú nǹkan báyìí. Ọmọ yunifásítì ni, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ó sì ti ń ké ewì ní gbangba. Spoken word ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ẹnì kan á dìde, kò ní mú ìwé dání, kò ní mú ìlù, á dúró nídìí maikirofóònù, á sì sọ ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó sì ti há sórí: nípa irun orí rẹ̀, nípa ìyá tó ń gbàgbé nǹkan, nípa ọkùnrin tó fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ nínú mọ́tò tó ń bọ̀ láti Gbọ̀ngán. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ó tán, ẹlòmíràn á bọ́ síwájú.

Alẹ́ la máa ń jókòó wo àwọn tó gbajúmọ̀ nínú wọn lórí fóònù rẹ̀. Obìnrin dúdú láti Amẹ́ríkà, ọmọ Sòmálíà tó dàgbà ní London, ọmọ Íńdíà, ọmọ Jàmáíkà: àwọn obìnrin tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, ní ìlú tó jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Orúkọ àjọjẹ́ tí wọ́n ń jẹ́, women of colour, kò lọ́jọ́ lórí púpọ̀. Ní Houston ni, níbi àpérò ńlá àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ní 1977, làwọn obìnrin dúdú tó gbé ìwé ẹ̀tọ́ wọn wá ti gba àwọn tó ti ìran Mẹ́síkò, ìran Éṣíà àti ìran onílẹ̀ gan-an wá mọ́ra, tí gbogbo wọn sì kó sábẹ́ orúkọ kan. L’Óṣogbo, kí ni a fẹ́ fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Gbogbo wa la dúdú, ẹni tí a bá sì pè ní pupa níbí, bí ìyá rẹ̀ ṣe bí i nìyẹn. Ohun tó ń pa ọmọbìnrin lẹ́nu mọ́ lọ́dọ̀ tiwa kì í ṣe awọ. Pé ó jẹ́ ọmọdé ni, pé kò tíì lọ́kọ ni, tàbí pé ó ti lọ́kọ. “Ta ló pè ọ́ sí i?” Gbólóhùn yẹn nìkan ti pa ewì tó pọ̀.

Nínú gbogbo wọn, Maya Angelou, akéwì dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ni mo máa ń ní kó padà sí. Ewì tó ké níbi ìbúra Ààrẹ Clinton ní oṣù kìíní 1993 dára, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo ń wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní kékeré ni kò kúrò lọ́kàn mi. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí ọ̀rẹ́kùnrin ìyá rẹ̀ fipá bá a lò. Ó dárúkọ ọkùnrin náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn, wọ́n pa ọkùnrin náà. Ọmọ náà bá gbà pé ẹnu òun ló pa á, pé ikú ń bẹ nínú ohùn òun. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, àyàfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Òyìnbó tó bá ń sọ ìtàn yìí, bí àìsàn ọkàn ló ṣe máa ń sọ ọ́. Yorùbá tó bá gbọ́ ọ á kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Ta ni nínú wa tí wọn kò kìlọ̀ fún ní kékeré pé kó má fẹnu ara rẹ̀ pe ibi? Ta ni kò gbọ́ pé àṣẹ ń bẹ lẹ́nu àwọn kan? Pé ọmọ ọdún mẹ́jọ gbà pé ọ̀rọ̀ lè pa èèyàn, kò ṣàjèjì sí wa rárá. Bí ohùn náà ṣe padà ló yà mí lẹ́nu. Obìnrin kan ní ìlú kékeré tí wọ́n ń gbé ní Arkansas ló ń yá a níwèé, tó sì sọ fún un pé kò lè sọ pé òun fẹ́ràn ewì àfi bí ewì náà bá gba ahọ́n òun kọjá. Ọmọ náà sì gbìyànjú rẹ̀. Ewì tí a fẹnu ké ló ṣí ẹnu tí ẹ̀rù ti dì.

Ìdákẹ́ yẹn ló máa ń mú mi ronú kan Arugbá. Wúńdíá tí gbogbo ìlú ń wò jù lọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun ni. Á ru igbá láti ààfin Àtáọ́ja dé ojúbọ létí odò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á máa kígbe àdúrà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kálukú á máa fọwọ́ ré ìṣòro rẹ̀ kúrò lórí sọ sí i, kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọ. A kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. N kò ní kí wọ́n yí i padà o. Ohun tí iṣẹ́ òrìṣà ń fẹ́ ló ń fẹ́. Mo kàn ń sọ pé ọ̀dọ́mọbìnrin tó dákẹ́ la mọ bí a ṣe ń bu ọlá fún. Èyí tó bá sọ̀rọ̀, a kò tíì mọ ohun tí a ó fi ṣe.

Ẹ wo Títílọpẹ́ Ṣónúgà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2015, níbi ayẹyẹ ìbúra Ààrẹ Buhari, òun ló ké ewì, kò sì sí akéwì kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí níbi ìbúra ààrẹ ní Nàìjíríà. Ẹ bi àwọn èèyàn ní oríta Ọláìyá l’Óṣogbo níbí léèrè ohun tí wọ́n rántí nípa ọjọ́ yẹn: gbogbo wọn ni yóò sọ fún yín pé Buhari ní ti gbogbo ayé lòun, òun kì í ṣe ti ẹnì kan. Pé ọmọbìnrin Yorùbá kan ké ewì, wọn kò gbọ́. Nígbà tí Amanda Gorman, ọmọ ọdún 22, ṣe tirẹ̀ níbi ìbúra Biden ní oṣù kìíní 2021, kíá ni fídíò rẹ̀ dé orí fóònù gbogbo wa. Àwọn ará Edmonton ní Kánádà ló padà wá fi Ṣónúgà jẹ akéwì ìlú wọn. Àwa ńkọ́?

Àmọ́ Ntozake Shange, akéwì dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló sún mọ́ Òṣogbo jù lójú tèmi. Paulette Williams ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó dàgbà ló mú orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1974, nínú ilé ọtí àwọn obìnrin kan nítòsí Berkeley, California, òun àti àwọn obìnrin mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ewì, wọ́n sì ń jó o. Nígbà tó fi máa di 1976 wọ́n ti gbé e dé Broadway, àdúgbò eré orí ìtàgé ní New York: obìnrin méje, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ aṣọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè nàka sí ibi tí ewì ti parí tí ijó ti bẹ̀rẹ̀. Ó di dandan kó ṣẹ̀dá orúkọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, choreopoem, nítorí wọn kò ní in lédè wọn. Nílùú wa níbí, inú ilé ọtí ni ọ̀rọ̀ tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, sọ ilé ọtí Ládiípọ̀ di Mbari Mbayo, ọdún 1964 ni ẹgbẹ́ eléré rẹ̀ gbé Ọba Kò So dé Berlin, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ sì ni Ọya inú eré náà, tó ń pohùn tó ń jó, ìlù ń dáhùn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ṣé ewì ni tàbí ijó. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀, kò sì kéré: lọ́dọ̀ Shange, obìnrin ló kọ ohun tí àwọn obìnrin méje ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sẹ́nu Ọya.

Kì í kúkú ṣe pé obìnrin ibí kò ní ohùn. Oríkì, ọwọ́ ta ló wà? Ìyá mi kì í jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán láàárọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Àwọn obìnrin ilé ló mọ oríkì orílẹ̀ ju àwọn ọkùnrin tó ni ilé lọ. Àwọn obìnrin oníṢàngó ló ń pe Ṣàngó. Nígbà tí Karin Barber, òyìnbó obìnrin, lọ gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970, tó ń kọ́ bí oríkì ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ló jókòó sí, ìwé tó sì kọ jáde ní 1991 ṣì ni ẹni tó bá fẹ́ mọ̀dí oríkì gbọ́dọ̀ kà.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ohun tí a ń fi ohùn yẹn sọ. Ilé ọkọ la ń kí. Ọmọ la ń kí. Òrìṣà la ń kí. Òkú la ń dárò. Olóríkì lè pohùn láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́, kí gbogbo ẹni tó jókòó mọ ìran olóde dé orí baba ńlá rẹ̀, kí wọ́n má mọ ohun tó ń dun òun alára. Ewì orí rédíò tí a gbọ́ dàgbà náà ńkọ́, ti Láńrewájú Adépọ̀jù, ti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀? Mo fẹ́ràn wọn títí dòní, mo sì há púpọ̀ nínú wọn sórí. Ohùn ọkùnrin ló gba iwájú níbẹ̀.

Ọjọ́ kan péré ló wà tí ọmọbìnrin lè sọ ti ara rẹ̀ lójú gbogbo ayé: ọjọ́ tó ń lọ sílé ọkọ. Ẹkún ìyàwó là ń pè é, àwọn ibòmíràn ní rárà ìyàwó. Ìyá mi sun tiẹ̀. Ó ní alaalẹ́ lòun àtàwọn ẹgbẹ́ òun fi ń kọ́ ọ fún oṣù mélòó kan, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n á máa kọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, wọ́n á máa fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, ó ń lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbè é lẹ́yìn, ó ń dúpẹ́, ó ń tọrọ ìre, ó ń sọ bí ẹ̀rù ilé àjèjì ṣe ń bà á. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àjogúnbá ni. Èyí tó kù, kálukú ló ń fi ti ara rẹ̀ kún un.

Ohun tí ìyá mi fi kún tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Bàbá rẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lè rí owó lọ. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí, ta ni yóò sọ ọ́ fún? Lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó dúpẹ́ aṣọ, ó wá ní sílétì òun ṣì wà lókè àjà, kí ẹni tó bá bímọ obìnrin lẹ́yìn òun bá òun nù ún. Ó ní bàbá òun tẹrí ba. Kò lè bínú, ọjọ́ ẹkún ni. Ó fi owó sí i lórí, ó súre. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo oríkì tí ìyá mi ń kì, ti ilé bàbá mi ni, tàbí tiwa ọmọ.

Ọjọ́ kan yẹn náà ti bọ́ lọ́wọ́ wa báyìí. Ẹ lọ síbi ìgbéyàwó èyíkéyìí l’Óṣogbo lọ́jọ́ Sátidé: alága ìdúró àti alága ìjókòó ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ìyàwó á wọlé tòun ti ìbòjú, á kúnlẹ̀, á dìde, á gbé fìlà dé ọkọ lórí, wọ́n á ní kó mú ẹ̀bùn tó wù ú, á mú Bíbélì. Alága ló ń bá a sunkún, owó ni wọ́n sì san fún un kó tó sun ún.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá rí ọmọbìnrin ogún ọdún tó dúró nídìí maikirofóònù tó ní “èmi”, n kì í rí àṣà Amẹ́ríkà tí a yá lò. Ẹkún ìyàwó ni mò ń gbọ́, èyí tí kò dúró de ọkọ kó tó sun ún. Tó bá wù ú, ó lè padà wá sun òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ilé ìdáná mi ló ti ń kọ́ tirẹ̀ sórí. Á máa ṣa ẹ̀wà, ẹnu á máa lọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi máa ń ka oríkèé ìka láti mọ ìlà tó kàn, oríkèé kan, ìlà kan. Bó bá gbàgbé, á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹ̀wà á sì wà nínú atẹ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, àfi ìparí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi: ọkùnrin tó ń pe àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lórúkọ, tó ń pe ọmọbìnrin rẹ̀ ní “ìwọ yìí”, tó ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ láìjáfara, tí kò sì béèrè rí ohun tó ń kọ́ níbẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ Àńtí, ẹ má sọ fún Dádì o.”

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ ni?”

Gbọ̀ngàn kékeré kan lápá Òkè-Fìà ni wọ́n ti ṣe ìdíje ewì náà. Àga oníke, iná aláwọ̀ búlúù kan, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ògiri. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lára, wọn kì í hó, wọn kì í pàtẹ́wọ́. Ìka ni wọ́n ń ta. Wọ́n ní kí ariwo má baà bo ohùn akéwì ni. Kò bá mi lára mu. Ajá la máa ń ta ìka pè nílé wa.

Nígbà tó kàn án, ó gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú díẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé oríkèé ìka ló ń kà níbẹ̀. Obìnrin tó ń din àkàrà lójúde ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, síbí ìdínkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jọ pé Gẹ̀ẹ́sì náà yé e tó. Àmọ́ bí ọmọ yìí ti yí sí Yorùbá ní ìparí, tó ní, “Bàbá mi, orúkọ tí ẹ sọ mí ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín,” obìnrin náà dáhùn pé, “Hẹ̀ẹ́n!” Gbogbo orí yí sẹ́yìn. Ọmọ náà dúró. Kò sí ìdúró níbẹ̀ nígbà tó ń kọ́ ọ sórí. Ó sọ ìlà tó tẹ̀ lé e, ó sì dúró dè é. “Wí i o, ọmọ mi.” Òmíràn. “Ó ń gbọ́, ó ń gbọ́.” Ìlà mẹ́rin péré ni Yorùbá tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pẹ́ ju gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú wọn lọ. Kó tó dé ìlà kẹrin, ó ti tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo bi í lọ́nà ilé pé kí ló dé tí kò fi Yorùbá kọ gbogbo rẹ̀.

“Àńtí, wọn ò ní fún mi ní máàkì.”

Ìdíje náà ló ń sọ, slam. Ọkùnrin òyìnbó kan, Marc Smith, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìkọ́lé rí, ló dá a sílẹ̀ nínú ilé ọtí ní Chicago ní àárín àwọn ọdún 1980. Wọ́n á ṣa èèyàn márùn-ún nínú òǹwòran, wọ́n á sọ wọ́n di adájọ́, wọ́n á máa fún ewì ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá, wọ́n á yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kúrò, wọ́n á ro ìyókù pọ̀. Bí akéwì bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n á gé lára máàkì rẹ̀. Kò burú. Ó ti fún ọ̀pọ̀ obìnrin dúdú láyè tí ilé ìtẹ̀wé kò fún wọn. Patricia Smith gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìdíje àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò kí wọ́n fún olóríkì ní méje nínú mẹ́wàá, kí wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀ ti pé kó tó kúrò lórí oríkì bàbá olóde!

Lórí ọ̀rọ̀ èdè, mo ní kó lọ wo Louise Bennett, Miss Lou àwọn ará Jàmáíkà, tí wọ́n bí ní 1919 tó sì kú ní 2006. Patwa ló fi ké ewì ní gbogbo ayé rẹ̀, èdè ọjà, èdè tí tíṣà máa ń nà ọmọ lé lórí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, aláwàdà ni àwọn ọ̀mọ̀wé kà á sí, wọn ò pè é ní akéwì. Àwọn tó ń ta ẹja kò dúró de ọ̀mọ̀wé. Ọmọ náà wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò yé òun ṣùgbọ́n ó dùn. Mo ní bí ti aláàkàrà ṣe rí nìyẹn nígbà tí ìwọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí n kò lè bá a yanjú ni èyí. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó ń bá wí. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó tẹrí ba, ó dáhùn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ tó pọ̀ ju ọ̀kan lọ, ó ní maikirofóònù, ó ní fídíò, àwọn àjèjì sì ń ta ìka fún un; ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà ní Ìlọrin, kò mọ nǹkan kan. “Ó ń gbọ́,” ni aláàkàrà wí. Kò gbọ́.

Nítorí èyí ni mo ṣe mú un lọ sọ́dọ̀ olóríkì kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìyá àgbàlagbà tí àwọn ẹbí máa ń háyà fún òkú àgbà àti ìwúyè. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n jọ sọ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ.

“Èló ni wọ́n san fún ọ?”

“Wọn kì í san nǹkan kan, Màmá. Wọ́n ní á jẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ mí ni.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Ta ni kò mọ̀ mí l’Óṣogbo? Wọ́n mọ̀ mí, wọ́n sì ń sanwó.” Wọ́n ní lóòótọ́, nǹkan kò rí bíi tàtijọ́, pé láti ìgbà tí ìjọba ti ń mú àwọn tó ń fọ́n owó lóde àríyá, inú àpòòwé làwọn kan ń fi í sí báyìí, olóríkì kò sì lè mọ ìlà tó dùn mọ́ wọn àti èyí tí kò dùn mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn jọ mí lójú. Owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ olóríkì níwájú orí, máàkì ni, ojú ẹsẹ̀ ló sì ń jáde.

Wọ́n ní kí ọmọ ké tirẹ̀. Ó ké Yorùbá ibẹ̀. Màmá kò ta ìka, wọn kò wí nǹkan kan títí ó fi parí.

“Ta lò ń bá wí?”

“Dádì mi, mà.”

“Ṣé ó wà níbẹ̀?”

“Rárá, mà.”

“Hùn.” Wọ́n tún ìró wọn ró. “Kí ni oríkì rẹ̀?”

Ọmọ náà wò mí. Àkànní ni mo sọ fún wọn, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Ọ̀fà ni bàbá ńlá wa ti wá. Kí n tó pa ẹnu dé, Màmá ti bọ́ sí i, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Olófà mọjọ̀, wọ́n ń kì í lọ ràì. N kò jókòó dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé mi. Wọ́n já a lójijì, wọ́n kọjú sí ọmọ náà. “Ibẹ̀ yẹn, ibi tó ti gbé orí sókè yẹn, ibẹ̀ ni wàá ti bá a wí. Kí i kóo tó fẹ̀sùn kàn án. Ọkùnrin tí a ti kí kò lè dìde lọ.”

Mi ò tíì rí kíláàsì ewì kankan tó yára tó èyí. Mo rò ó lẹ́yìn náà pé ohun tí ìyá mi ṣe gan-an nìyẹn: ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó dúpẹ́ aṣọ, kó tó mẹ́nu ba sílétì.

Ó ń tún un kọ báyìí, ó sì ti ń yọ mí lẹ́nu nítorí oríkì: èwo ló kàn, kí ni ìtumọ̀ èyí, ṣé Dádì á mọ èyí tóun bá gbé òmíràn sí ipò rẹ̀. Á mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ní kó tún wá ké ewì fún àwọn lóṣù tó ń bọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni. Ó fi iye owó ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, iye tí Màmá ní kó pè, n kò ní sọ ọ́ níbí. Wọ́n ti kà á, wọn ò tíì fèsì. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó ní òun gbọ́ pé “ìwọ yìí” ń ṣe nǹkan kan lóde, kí ni wọ́n ń pè ní spoken word. Mo ní kó wọ mọ́tò láti Ìlọrin wá wò ó. Ó ní òun á wá bí owó mọ́tò kò bá tún wọ́n sí i.